Ohun Tí Tíṣà Yọ Nínú Ọ̀rọ̀ Aránṣọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Tíṣà jẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí i. Yóò fèsì o, ìyẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ yóò dá lẹ́tà tiyín náà padà mọ́ èsì rẹ̀, yíńkì pupa á sì wà ní gbogbo ibi tí ẹ ti ṣì í kọ. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ kíkọ, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ilé ìwé ló fi sílẹ̀, kò fi bírò pupa sílẹ̀. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìyàwó òun rí ìwé ìkéde òkú òun, torí yóò máàkì í. Wọ́n jẹ́ kó rí i. Ó máàkì í.

Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kò kàn sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ ni. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, títí kan àwọn ọlọ́pàá, títí kan adájọ́ kan tó ti kọ́ rí, tó ṣì máa ń sáré tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe bó bá rí i lókèèrè.

Bó ṣe di ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ kò gùn. Ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì, àwọn kan já wọ ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n so ó mọ́ àga, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n lè kó. Ìyẹn dùn ún, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa á lẹ́kún. Ohun tó pa á lẹ́kún ni pé ẹni mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní kó sọ ọ́. Ọlọ́pàá inú ilé ní kó sọ ọ́. Ọ̀gá wọn dé láti ibi tó lọ, òun náà fa àga. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ya fọ́tò, gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa kan ẹni keje, ohùn ara rẹ̀ ti ń dún létí rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹni kẹsàn-án wá ní, "Màmá, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Tíṣà dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ẹjọ́ yẹn kú síbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ló gba yàrá méjì lórí ilé ìtajà ọ̀dà kan, ó gbé pátákó kọ́ ẹnu àtẹ̀gùn: Ẹgbẹ́ Ẹ Ò Dá Wà. Òórùn ọ̀dà kì í kúrò níbẹ̀ láéláé. Ẹni tó bá ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ rẹ̀ á máa rùn bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Gbogbo àga tó wà nínú yàrá ìta ló kọjú sí ilẹ̀kùn, torí Tíṣà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti já wọlé bá rí kì í fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́. Kò sì sẹ́ni tó wá síbẹ̀ tí Tíṣà pè ní "ìwọ", bó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ó ní ẹni tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀wọ̀ ni kí á fi gbé e dìde.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ mú yín gbàgbé ìyẹn. Ó bá àwọn obìnrin jókòó ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ó bá wọn wá ẹni tó máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn. Akọ̀wé kóòtù kan wà tó fẹ́ràn láti máa ní fáìlì ti sọnù. Bí ọkùnrin náà bá ti gbọ́ ìró bàtà Tíṣà báyìí, kíá ni fáìlì á yọjú. Òun ló pariwo títí wọ́n fi ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní kóòtù, kí ẹni tí wọ́n lù má baà máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ẹni tó lù ú. Ọdún méje ló fi ṣe gbogbo èyí, pẹ̀lú akọ̀wé kan ṣoṣo, ọmọbìnrin kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àti lọ́yà kan tó ń yọjú ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé lọ́dọ̀ tòun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ ó jókòó, ẹ ó sọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí yín lẹ́nu, òun á sì máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí ìwé jágbajàgba kan. Tó bá dìrọ̀lẹ́, òun á jókòó, òun á tún un kọ ní mímọ́ lórí ìwé gidi. Ẹ ó wá fọwọ́ sí i. Òun á fa ti àkọ́kọ́ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ojú àjèjì má baà kàn án. Ìwé mímọ́ yẹn ló ń lọ bá ọlọ́pàá, dókítà, àti agbẹjọ́rò ìjọba. Àwọn ọlọ́pàá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kì í bi ẹni náà ní nǹkan mọ́. "Tíṣà ti bá wa kọ ọ́," wọ́n á ní, wọ́n á sì dà á kọ wẹ́rẹ́.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Tíṣà ò rí i. Ẹni tó fi ọdún méjìlélógún máàkì àròkọ, ṣé ó lè rí "bóyá" mẹ́rin nínú gbólóhùn kan kó má fa ìlà sí i? Àwọn tí wọ́n bá lù kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé. Wọ́n á ní "ó jọ bíi pé". Wọ́n á ní "n ò mọ̀". Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, wọ́n á padà sí orí. Tíṣà á bá wọn to ó. Lójú tirẹ̀, àánú ló ń ṣe fún wọn.

Ọjọ́ tí aránṣọ yìí wá, báńdéèjì ṣì wà lórí rẹ̀. Obìnrin ẹni ogójì ọdún àti díẹ̀ ni, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, tépù tó fi ń wọn ènìyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò rántí yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Ẹ̀gbọ́n dúró sí ìta, òun àti Akọ̀wé jọ ń bú olè. Nínú lọ́hùn-ún, Tíṣà fún aránṣọ ní omi, ó mú pẹ́ńsù.

"Mo ń lọ aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́ ni, mà," aránṣọ ní. "Ló bá wọlé. Ó fi nǹkan wé imú àti ẹnu, bóyá fìlà ni, bóyá tówẹ̀lì ni, n ò mọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Irin kan ló fi gbá mi lórí, mo sì ṣubú. Mo wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó mú fóònù mi, ó mú àpò mi. Ó ti ń jáde lọ, ló bá tún padà. Mo ní ó tán, ó fẹ́ parí mi ni. Àṣé áyọ́ọ̀nù ló padà sí. Áyọ́ọ̀nù ti dojú dé aṣọ yẹn, èéfín ti ń rú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún páálí bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, ó pa iná. Ó wá jáde."

"Ó pa iná áyọ́ọ̀nù?"

"Ó pa á, mà. Òun ló kúkú gbé ibi tí wọ́n ti ń pa á síbẹ̀. Oníwáyà yẹn ni, èyí tó máa ń bá wa tún iná ṣe. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí mo ní kó wá ṣe é, torí ti ara ògiri ń ta pàrà. Èmi àti òun nìkan la mọ̀ pé abẹ́ tábìlì ló wà, lẹ́yìn páálí bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ò mọ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, kò wá a, mà. Ó ti mọ ibi tó wà."

Gbogbo rẹ̀ ni Tíṣà kọ. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Akọ̀wé ti lọ sílé, ó tẹ́ ìwé gidi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ aránṣọ ṣe. "Bóyá fìlà ni, bóyá tówẹ̀lì ni, n ò mọ̀": ó fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ó ní bí lọ́yà bá rí ìyẹn, yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó wá kan áyọ́ọ̀nù. Ó fi bírò gbá eyín rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó rò ó. Irú olè wo nìyí? Olè tó fọ́ ènìyàn lórí, tó wá ń ṣàánú aṣọ aláṣọ? Adájọ́ á ní ọmọlúàbí ni. Ohun tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé ohun tí kò bá gbé ìtàn ró, kí wọ́n yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó wá kọ ọ́ báyìí pé: "Ó wọlé. Mo rí i, mo sì dá a mọ̀ kedere. Oníwáyà tó ń tún iná ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ni." Gbólóhùn náà dán. Inú rẹ̀ dùn sí i, Ọlọ́run ló mọ̀, inú rẹ̀ dùn sí i gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ó kà á fún aránṣọ. Orí ń fọ́ obìnrin náà, lẹ́tà ń jó lójú rẹ̀. "Ohun tí ẹ bá ní ó dáa náà ni, mà," ló wí, ó sì fọwọ́ sí i. Tíṣà fa ti pẹ́ńsù ya.

Wọ́n mú oníwáyà. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Wọn ò bá fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò bá àpò. Ọ̀rọ̀ ẹnu aránṣọ nìkan ni ìjọba ní.

Ọjọ́ tí aránṣọ jẹ́rìí, Tíṣà jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́yà oníwáyà kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àna rẹ̀ ni aránṣọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ ní ẹ rí i kedere. Ṣé nǹkan kan bo ojú rẹ̀ àbí nǹkan kan ò bò ó?"

"Ó fi nǹkan bo imú àti ẹnu, sà."

"Háà. Kò sí nínú ìwé yín o. Báwo lẹ ṣe wá dá a mọ̀?"

"Áyọ́ọ̀nù ni, sà." Aránṣọ wá sọ ọ́: páálí bọ́tìnnì, abẹ́ tábìlì, ọjọ́ mẹ́wàá. Ó sọ ọ́ dáadáa, bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Tíṣà rí oníwáyà níbi tó jókòó sí, ó rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe le gbandi. Ìgbà yẹn ni òye yé e. Ohun tó lè mú ọkùnrin yìí ni aránṣọ gbé wá bá òun lọ́fẹ̀ẹ́, òun Tíṣà ló fi bírò pupa pa á rẹ́.

Lọ́yà gbé ìwé tí aránṣọ fọwọ́ sí sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Áyọ́ọ̀nù dà níbí? N ò rí áyọ́ọ̀nù. Oṣù mẹ́jọ rè é tí ẹ ti sọ̀rọ̀, òní ni áyọ́ọ̀nù wá gbóná? Ta lẹ sọ ọ́ fún rí?"

Aránṣọ yíjú, ó wo Tíṣà. "Mo rò pé mo sọ ọ́, sà."

"Ẹ rò ni?"

"Wọ́n lù mí lórí, sà. Bóyá mo gbàgbé."

"Wọ́n lù yín lórí," lọ́yà wí, ó sì rọra jókòó. "Ó tó, ìyá wa. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí kóòtù sinmi díẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba sáré bá Tíṣà ní kọ́rídọ̀. Òógùn bò ó. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin yìí sọ ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù fún yín? Bí ẹ bá lè wọlé wá sọ pé ó sọ ọ́, a ṣì lè gbá ọ̀rọ̀ yìí mú."

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín: ẹ̀rù ló bà á. Kò tiẹ̀ ráyè rò ó. Ó kàn rí gbogbo ìwé ọdún méje lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí ìwé tí òun kọ ní mímọ́. Bí òun bá ní òun yọ áyọ́ọ̀nù, wọ́n á bi òun pé kí ni òun yọ nínú ti àwọn tó kù. Wọ́n á tú gbogbo ẹjọ́ yẹn síta. Ẹgbẹ́ á fọ́. Ó wo bàtà agbẹjọ́rò ìjọba, ó ní, "N ò rántí."

Wọ́n dá oníwáyà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Adájọ́ ní òun ò lè fi ẹ̀rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò dá lójú dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ì bá ṣì sàn. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà yẹn, aránṣọ gun àtẹ̀gùn wá sí ọ́fíìsì, òun nìkan. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yẹn, ṣé mo sọ ọ́ fún yín àbí n ò sọ ọ́? Ó dà bíi pé mo rí ara mi tí mò ń sọ ọ́, lórí àga yẹn. Mo rántí pé ẹ bi mí pé, 'Ó pa iná áyọ́ọ̀nù?' Ṣé mo lá a ni?"

Àǹfààní rè é. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí adájọ́, Akọ̀wé ti lọ ra ìwé. Tíṣà dì í lọ́wọ́ mú. Ó fi ohùn tó máa ń bá àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ohùn tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹni tí wọ́n bá gbá lórí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ máa ń ṣe báyẹn. Ó lè gbàgbé, ó sì lè rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi yín kọ́ o." Ó tún fún un ní ìwé pélébé kan tí ẹgbẹ́ tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ìwé pélébé yẹn.

Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Tíṣà ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ "bóyá" níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Akọ̀wé kíyè sí i pé ó ti gbé bírò pupa sínú dúrọ́ọ̀, pé kì í fa ìwé pẹ́ńsù ya mọ́, ó ń tò wọ́n sínú fáìlì. "Ẹ ti ń dàgbà, mà," Akọ̀wé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ló gba àdúgbò aránṣọ kọjá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀nà òun ni, irọ́ sì ni. Ó bá ṣọ́ọ̀bù náà tí wọ́n ti ń ta táyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Obìnrin tó ń ta táyà ní, "Aránṣọ tẹ́lẹ̀? Ó ti kó lọ tipẹ́. Wọ́n ní orí rẹ̀ ò pé mọ́. Ó wọn oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó rí ò bára mu, ló bá jókòó sílẹ̀ ó ń sunkún. Ó ní òun ò lè gba ara òun gbọ́ mọ́. Ó ti ta máṣíìnì méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà. Ó mà ṣe o, ọwọ́ rẹ̀ dáa."

Tíṣà kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní ẹjọ́ yẹn ti parí, ẹni tí wọ́n bá ti dá sílẹ̀ ti di òmìnira nìyẹn, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ó ní òun máa ní láti yẹ àwọn ìwé yòókù wò. Ó wá fi kún un pé, "Ẹ ní ẹ ò rántí. Èmi ni mo bi yín, Tíṣà." Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé Ẹ̀gbọ́n wà ní àjà kejì. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni Tíṣà ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ó ti fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti fún un ní ìparí. Aránṣọ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti sanra díẹ̀, irú sísanra ẹni tí kì í jáde. Ó ń ká aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n lórí ibùsùn. Ó kí Tíṣà tayọ̀tayọ̀, ó palẹ̀ aṣọ mọ́ kó lè ríbi jókòó sí. Gbogbo ohun tí Tíṣà ti tò wá fọ́n ká.

"Ẹ sọ ọ́," ló wí. "Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù. Ẹ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ ọ́, mo sì tún yọ ọ́. Èmi ni. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

Aránṣọ di aṣọ kan mú láyà. "Mo sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́."

"Pé ó sún páálí bọ́tìnnì?"

"Ẹ ní ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní kò wá a, pé ó ti mọ ibi tó wà."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi!" ló ké. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá o! Mo sọ ọ́! Orí mi pé! Tíṣà ní mo sọ ọ́!"

Ẹ̀gbọ́n sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lápá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e, ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì ń mì jìgìjìgì, aṣọ ilé ìwé ń já bọ́. Tíṣà náà ti ń sunkún. Fún ìṣẹ́jú kan báyìí, ó rò pé ó ti tán nìyẹn, pé òun ti ṣe ohun tó yẹ kí òun ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ìgbà wo lẹ̀yin rántí?"

Irọ́ kan wà ní ìtòsí tó ti pọ́n, ó kù kó ká a ni. Kò ká a. "N ò gbàgbé rí," ló wí.

"Ọjọ́ tí àbúrò mi wá bá yín ńkọ́? Tó wá bi yín lójúkojú?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Yéè!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ìṣáná, Tíṣà! Mo ń fi ìṣáná pa mọ́ fún àgbàlagbà obìnrin! N kì í jẹ́ kó dá sọdá títì! Lójú àwọn ọmọ mi ni mo ti ń sọ fún un pé kó máa rọra, pé orí rẹ̀ ò ṣe déédéé mọ́, ó sì ń dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni!" Ó bú sẹ́kún, ó jáde kúrò nínú yàrá, wọ́n sì ń gbọ́ ọ níbi tó ti ń sunkún nídìí omi.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa aṣọ tó já bọ́, ó gbọ̀n wọ́n, ó tún wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan, etí sí etí. Nígbà tí aṣọ tán, ó dìde, ó sin Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dárí jì mí," Tíṣà wí.

"Mo ti dárí jì yín, mà." Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà, ẹ má bá mi tún un ṣe. Olè yẹn mú fóònù mi, ó mú àpò mi. Nígbà tó fi máa jáde, orí mi ṣì pé. Ẹ̀yin lẹ wá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, ẹ sì rọra gbà á, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó mú ilẹ̀kùn dání. "Ẹ má wá mọ́, mà. Bí mo bá fẹ́ rí yín, mà á ránṣẹ́."

Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Wọ́n tú ẹjọ́ méjì nínú àwọn ti àtijọ́, ọ̀kan dúró, ọ̀kan wó. Lọ́yà ọlọ́jọ́ méjì ò wá mọ́. Tíṣà ṣì ń gun àtẹ̀gùn yẹn lárààárọ̀, òun àti Akọ̀wé, ó sì máa ń bi Akọ̀wé bóyá ẹnì kan ránṣẹ́. Akọ̀wé ò mọ ẹni tí Tíṣà ń retí. Ó máa ń ní rárá, mà, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́.